Àríyá Ọjọ́ Kẹrin Oṣù Keje: Bí O Bá Fẹ́ Kí Ajá Wà Níbẹ̀, Àárọ̀ Ni Kí O Fi Ṣe

Àbúrò mi, mo gbọ́ pé o fẹ́ ṣe àríyá nílé rẹ ní Houston lọ́jọ́ kẹrin oṣù Keje, ọjọ́ òmìnira Amẹ́ríkà, àti pé o ti ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kí wọ́n mú ajá wọn dání. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí o tó fi ìwé ìpè sórí WhatsApp, sún mọ́ mi díẹ̀. Àwọn ilé ìtajà á ta fìlà pupa, funfun àti búlúù fún ajá rẹ, wọ́n á ta àwo tí wọ́n ya eegun sí lára fún ọ, wọ́n á sì jẹ́ kí o rò pé ohun tí ajá ń fẹ́ nìyẹn. Irọ́ ni. Fìlà yẹn, kí ẹ tó ya fọ́tò kejì ló ti máa já a jẹ. Ohun tí ajá nílò lọ́jọ́ àríyá ni omi tútù, ibòòji, yàrá kan tó lè sá wọ̀, àti ẹni tó ni ín tó mọ ìgbà tó yẹ kí àríyá parí fún un.

Ọ̀rọ̀ ìgbà yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Àríyá tí ajá bá máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin oṣù Keje, àárọ̀ ni kí o fi ṣe.

Mo mọ̀ pé o máa rẹ́rìn-ín. Ta ló ń ṣe àríyá láàárọ̀ nínú wa? Àwa tí wọ́n bá ní ká dé ní aago méjì, tí a ṣì ń wé gèlè ní aago mẹ́rin. Fi ẹ̀rín sílẹ̀ ná, kí o wo bí ọjọ́ yẹn ṣe máa ń rí ní Texas. Láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, ooru Houston nínú oṣù Keje sábà máa ń lé ní ìwọ̀n 90 Fahrenheit, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á sì tún dá kún un. Bí oòrùn bá wá wọ̀, nígbà tí aago mẹ́jọ alẹ́ bá ti kọjá dáadáa, tí ara ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ tù wá, ìgbà yẹn ni bángà máa bẹ̀rẹ̀. Nínú ìlú Houston gan-an, òfin kò fàyè gba ará ilé láti máa yin bángà, ṣùgbọ́n ní àwọn àdúgbò Harris County tó wà lẹ́yìn odi ìlú, wọ́n ń tà á, wọ́n sì ń yìn ín. Òfin Texas fún wọn láyè láti máa tà á láti ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà títí di ọjọ́ 4 oṣù Keje, nítorí náà ariwo náà kì í dúró de ọjọ́ àjọ̀dún. Ooru ló ni ọ̀sán, bángà ló ni alẹ́. Kí ló kù fún ajá bí kò ṣe àárọ̀?

Kọ aago mẹ́jọ àárọ̀ sínú ìwé ìpè. Àwọn èèyàn wa á dé ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, ìyẹn náà dáa. Dín àkàrà, po ògì, dín dòdò, fi ẹyin sí i. Tó bá di aago mẹ́wàá, ẹni tó bá fẹ́ jẹ bọ́gà àti ẹran sísun bí àwọn ará Amẹ́ríkà lè dáná sí gírìlì. Àwọn ajá á sáré lórí koríko kí oòrùn tó mú, tó bá fi máa di ọ̀sán, gbogbo wọn á ti wọlé sábẹ́ AC, nígbà tó bá sì di aago méjì, àlejò tó mú ajá wá á ti máa dágbére. Bí ẹ̀yin àgbà bá fẹ́ tún pàdé lálẹ́ láti wo iná aláràbarà tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run, ẹ lọ, kò sẹ́ni tó dí yín lọ́wọ́. Kí ajá wà nílé.

Ọ̀rọ̀ kejì kan àwọn èèyàn, kò kan ajá. Àwọn òyìnbó tó ń kọ ìmọ̀ràn lórí irú àríyá yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀, torí wọ́n gbà pé gbogbo àlejò ló fẹ́ràn ajá. Ìwọ náà mọ̀ pé láàárín wa, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó máa wá jókòó ní ẹ̀yìnkùlé rẹ, ajá tí wọ́n mọ̀ láti kékeré ni èyí tí wọ́n so mọ́ géètì, tí wọ́n máa ń tú sílẹ̀ lóru kí olè má bàa wọlé. Wọ́n sì mọ dìgbòlugi. Àrùn yẹn, bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára èèyàn, díẹ̀ ló kù kó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń yè é, ajá ló sì ń kó o ran èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń pa láyé. Nítorí náà, bí Àǹtí kan bá gbé ẹsẹ̀ sókè lórí àga nígbà tó rí ajá rẹ, má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó rí tẹ́lẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù. Sọ fún un pé ajá rẹ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, òfin Texas ló sì sọ ọ́ di dandan, kí o wá fún un ní àga tó jìnnà sí ibi tí ajá wà. Ṣùgbọ́n má sọ pé, “Kì í gé èèyàn jẹ.” Gbogbo olówó ajá ló ń sọ bẹ́ẹ̀, àti àwọn tí ajá wọn ti gé èèyàn jẹ rí.

Ìyẹn nìkan kọ́. O máa ní àlejò Mùsùlùmí tí kò ní fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tó máa fi kírun. Ya yàrá kan sọ́tọ̀ tí ajá kò ní wọ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú àríyá náà, gbá a mọ́, fi ẹní síbẹ̀, kí o sì sọ fún wọn kí wọ́n tó béèrè. Bí ìyá ọkọ rẹ bá wá láti Ìbàdàn láti wá bá ọ tọ́mọ, tó sì wo ajá tó sùn sórí àga tìmùtìmù rẹ, tó ní, “Ṣé inú ilé ni èyí ń gbé?”, má bá a jiyàn. Dáhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì,” kí o sì mú ajá jáde. Kí okùn sì wà lọ́rùn àwọn ajá nígbà tí àlejò bá ń wọlé. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń fò mọ́ọ̀yàn jù, ìgbà yẹn náà sì ni àwa ń kúnlẹ̀, tí àwọn ọkùnrin wa ń dọ̀bálẹ̀. Ẹni tó ń kí àgbà kò yẹ kó bá imú ajá pàdé nílẹ̀. Má sì ní kí wọ́n wọ léèsì wá. Áńkárá ni kí o kọ sínú ìwé ìpè, irun ajá kì í tètè kúrò lára léèsì.

Wá ẹni kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ju ajá lọ. Kó má jẹ́ ìwọ, torí ẹni tó ń dín àkàrà kò lè máa ṣọ́ géètì. Kó má jẹ́ ẹni tó ti di kúlà ọtí mú láti àárọ̀. Ẹni yẹn ló máa mọ ajá tó ti mu omi àti èyí tí kò tíì mu, òun ló máa rí i pé ẹni tó jáde ti géètì padà. Mo ti rí i pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan tí wọ́n bá fún ní owó díẹ̀ máa ń ṣe é dáadáa ju bàbá rẹ̀ lọ.

Ní ti àwọn ajá àlejò, má jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ pàdé ajá rẹ nínú ẹ̀yìnkùlé tó ti sọ di tirẹ̀. Ìta ni kí wọ́n ti pàdé, kí okùn wà lọ́rùn gbogbo wọn, kí wọ́n rìn pa pọ̀ díẹ̀, kí ẹ tó jọ wọlé. Kó gbogbo bọ́ọ̀lù àti eegun ìṣeré ajá rẹ pamọ́, torí ohun ìní ló ń dájà sílẹ̀ láàárín wọn. Kí kálukú ní àwo tirẹ̀, kí àwọn àwo náà sì jìnnà síra. Abo ajá tó ń wá akọ kò gbọ́dọ̀ wá rárá. Ajá mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, o ò ṣàríyá mọ́, ìjà lò ń là.

Àwọn ọmọdé ńkọ́? Ọmọ tó bá ní ajá nílé tirẹ̀ gan-an ni kí o ṣọ́, torí kò ní bẹ̀rù. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tí ajá ń gé jẹ, ajá tí wọ́n mọ̀ ló gé wọn. Sọ fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ eré pé a kì í dì mọ́ ajá lọ́rùn, a kì í fọwọ́ kan èyí tó ń jẹun tàbí èyí tó ń sùn, a kì í sì í sáré bí ajá bá ń lé wa. Kí ìwọ náà mọ ojú tí ajá fi ń sọ pé ó ti sú òun. Ó lè máa yán nígbà tí oorun kò kùn ún, ó lè máa lá ètè nígbà tí kò sí oúnjẹ, ó lè yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan kí funfun ẹyinjú rẹ̀ máa hàn, ara rẹ̀ sì lè gan. Bí ó bá ń kùn, má nà án. Ajá tí wọ́n bá nà títí tí kò fi kùn mọ́, ńṣe ló máa gé èèyàn jẹ láìkọ́kọ́ kìlọ̀.

Jẹ́ ká wọ ilé ìdáná wàyí, torí ibẹ̀ ni ewu pọ̀ sí jù.

Nílé, ajá ló ni eegun. A jẹ ẹran tán, a ju eegun sílẹ̀, ajá gbé e lọ. O máa sọ fún mi pé gbogbo ajá agboolé wa ló ń jẹ ẹ́, wọn ò kú. Àwọn tó kú, ta ló la inú wọn wò? Eegun tí a ti sè tàbí tí a ti sun máa ń gbẹ, ó sì máa ń ya sí ṣóńṣó. Ti adìẹ ló burú jù. Ó lè há sí ọ̀fun, ó lè dá ìfun lu. Àwọn àgbàlagbà ló máa fún un, tìfẹ́tìfẹ́, lábẹ́ tábìlì, nítorí náà gbé garawa kan tó ní ìdérí sítòsí ibi tí wọ́n ti ń jẹun, kí o sọ fún wọn pé ibẹ̀ ni eegun ń lọ. Igi sùyà náà, ibẹ̀ ni. Òórùn ẹran wà lára rẹ̀, ajá lè gbé e mì lódindi. Fọ́ìlì tí ẹ fi sè mọ́ínmọ́ín, ibẹ̀ ni. Ṣùkù àgbàdo tí ẹ ti jẹ tán, ibẹ̀ náà ni. Ṣùkù yẹn ò burú lójú, ṣùgbọ́n kì í dà nínú ajá, ó lè dí ìfun rẹ̀ pátápátá títí wọ́n á fi la inú rẹ̀ yọ ọ́.

Àlùbọ́sà ni mo fẹ́ kí o bẹ̀rù jù, torí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí oúnjẹ wa tí kò sí nínú rẹ̀. Ó wà nínú àkàrà, ó wà nínú mọ́ínmọ́ín, nínú ọbẹ̀ ata, nínú jọ̀lọ́ọ̀fù. Ó lè wà nínú yájì tí wọ́n fi ra sùyà lára àti nínú èròjà amọ́bẹ̀dùn. Àlùbọ́sà àti aáyù máa ń ba sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Bí o sè é, bí o dín in, bí o lọ̀ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú, agbára rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé kì í hàn lójú ẹsẹ̀. Ajá á jẹ àkàrà lónìí, á máa ju ìrù, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni àárẹ̀ á mú un, tí èrìgì rẹ̀ á funfun, tí ìtọ̀ rẹ̀ á ṣú. Ẹyọ àkàrà kan tó já bọ́ kò ní pa ajá ńlá. Ṣùgbọ́n tí àlejò ogún bá wà, tí kálukú wọn sì ń yọ́ ẹyọ kan fún un, tí ẹnì kan ò mọ̀ pé ẹnì kejì ti fún un, ìyẹn ni mo ń sọ.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ kò le. Kí àlùbọ́sà, ata àti iyọ̀ tó wọ ìkòkò, bù ti ajá sọ́tọ̀. Adìẹ bíbọ̀ tí o ti yọ awọ àti eegun kúrò lára rẹ̀, ìrẹsì funfun, ànàmọ́ bíbọ̀, kárọ́ọ̀tì, ẹyin bíbọ̀, wọ́tàmẹ́lọ̀n tí o ti yọ kóró àti èèpo rẹ̀. Gé e wẹ́wẹ́, rọ ọ́ sínú abọ́ kan, kọ “TI AJÁ” sí i lára, kó o gbé e fún ẹni tó ń bójú tó wọn. Àlejò tó bá fẹ́ fún ajá lóúnjẹ, kó lọ gbà á lọ́wọ́ ẹni yẹn. Ìwọ̀nba ni kó jẹ́ o, kó má ju ìdá mẹ́wàá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀rá ẹran tí ẹ gé dànù ńkọ́? Má fún un. Ọ̀rá púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè mú kó máa bì léraléra, kí inú máa ta á, kí ọ̀rọ̀ sì di ti ọsibítù lọ́jọ́ tí ọ̀pọ̀ dókítà ẹran ò ṣí.

Àwọn ohun tó kù nìyí, máa fọkàn bá mi lọ. Èso àjàrà, tútù tàbí gbígbẹ, lè ba kíndìnrín ajá jẹ́, ìwọ̀n kékeré sì lè ṣe é, nítorí náà fi í sórí tábìlì gíga tàbí kí o má rà á. Ṣokoléètì, o ti mọ ìyẹn. Ìyẹ̀fun tí o pò fún pọ́fúpọ́fù tí o gbé síbi ooru kó lè wú, fi sínú ohun tó ní ilẹ̀kùn. Bí ajá bá jẹ ẹ́, yíìsì inú rẹ̀ á máa wú lọ nínú ikùn rẹ̀, á sì máa di ọtí nínú rẹ̀. Nọ́tímẹ́ẹ̀gì tí o fi sí ṣin-ṣín náà kò dáa fún un bó bá pọ̀.

Báàgì àwọn Àǹtí wá ni olórí ọ̀ràn. Wọ́n á gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ajá á tẹ imú bọ̀ ọ́. Kí ló wà níbẹ̀? Oògùn ẹ̀fọ́rí, tí irú èyí tí wọ́n ń pè ní ibuprofen lè lu ikùn ajá, kó sì ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ṣingọ́ọ̀mù tí kò ní súgà, tí wọ́n fi xylitol sí dípò rẹ̀, tí àwọn kan ń kọ ní “birch sugar” sára páálí. Ohun tí àwa ń jẹ nítorí ìtọ̀ súgà, òun ló ń já súgà inú ẹ̀jẹ̀ ajá wálẹ̀ láàárín wákàtí kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò fi ní gbé e mọ́. Àwọn bọ́tà ẹ̀pà kan wà tó ní in nínú, nítorí náà ka ara ìgò kí o tó fi lá ajá lẹ́nu. Obì tún ń bẹ nínú báàgì yẹn, tàbí nínú àpò agbádá Bàbá. Káféènì tó ń lé oorun lójú wa nínú obì, ó lè mú kí ọkàn ajá máa sáré kọjá bó ṣe yẹ. N kò rí ìwé ìmọ̀ràn òyìnbó tó rántí obì rí. Gbé tábìlì kékeré kan sí yàrá, kí gbogbo báàgì máa lọ síbẹ̀.

Bí ajá bá jẹ ohun tí kò yẹ, má rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Mo mọ̀ pé ohun tí Màmá máa kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Epo kì í pa májèlé yẹn, ó sì lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Má fi ọwọ́ fa èébì náà láìbéèrè. Ẹgbẹ́ ASPCA ní àwọn onímọ̀ nípa májèlé ẹranko tó ń dáhùn tọ̀sántòru, lójoojúmọ́ ọdún, àti ọjọ́ àjọ̀dún pẹ̀lú. Nọ́ńbà wọn ni 888-426-4435, wọ́n sì lè gba owó. Mú páálí ohun tó jẹ lọ́wọ́, mọ ìwọ̀n ajá rẹ, sọ ìgbà tó jẹ ẹ́.

Ooru ńkọ́? Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń làágùn díẹ̀, mímí lókèlókè pẹ̀lú ahọ́n síta ló fi ń tu ara. Níbi tí ọ̀rinrin bá pọ̀ bíi Houston, mímí yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Àwọn onímú pẹlẹbẹ, Bulldog, Pug àti irú wọn, kí wọ́n má ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ níta, kódà láàárọ̀. Ìwọ̀n ara ajá tó dá ṣáṣá máa ń wà láàárín 101 sí 102.5 Fahrenheit. Bó bá ti lé ní 104, ó ti ń wọ inú ewu. Bí o bá rí i tó ń ṣe bí ẹni tí ò mọ ibi tó wà, tí itọ́ rẹ̀ ki, tí èrìgì rẹ̀ pọ́n rokoṣo, má dúró wá ọkọ̀ kí o tó ṣe nǹkan. Da omi tútù sí i lára látòkè délẹ̀, tan fáànù sí i, ìgbà yẹn ni kí o tó máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ní ti ilẹ̀ títì tí wọ́n fi ọ̀dà ṣe, fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ lé e. Bí o ò bá lè fi síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá méje, má jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ní òun fi ajá òun sínú mọ́tò tó sì ṣí fèrèsé díẹ̀ sílẹ̀, sọ fún un, níṣojú gbogbo èèyàn, pé kó lọ gbé e wá.

Wo ẹ̀yìnkùlé rẹ náà. Igi kékeré kan wà tó jọ ọ̀pẹ, tí wọ́n ń gbìn káàkiri iwájú ilé ní Texas, sago palm ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ara rẹ̀ ló lóró fún ajá, kóró rẹ̀ ló burú jù, ẹ̀dọ̀ ló ń bàjẹ́. Bí o bá ní in, fi okùn yí ibẹ̀ ká kí àlejò tó dé. Lẹ́yìn àríyá, wú u dànù.

Aago méjì ti lù, wọ́n ti lọ, àwo ti di fífọ̀. Ajá rẹ ṣì ní alẹ́ níwájú. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin oṣù Keje, kò sí bí ọdẹ ṣe lè fọn fèrè tó tí bángà ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn ilé ìtọ́jú ẹranko káàkiri Amẹ́ríkà ló mọ̀ pé ajá tó ń sá sọnù máa ń pọ̀ ní àkókò yìí. Ajá tí kì í fo odi ọgbà á fò ó lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nítorí náà, mú un jáde lọ tọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, pẹ̀lú okùn lọ́rùn, kódà bí ọgbà yí ilé rẹ ká. Lẹ́yìn náà, fi í sí yàrá tó wà láàárín ilé, tí kò ní fèrèsé bó bá ṣeé ṣe. Ilé ìwẹ̀ dáa. Gbé omi síbẹ̀, tẹ́ aṣọ tí o ti wọ̀ fún un kó máa gbóòórùn rẹ, tan fáànù tàbí rédíò. Bó bá ń gbọ̀n, jókòó tì í, fi ọwọ́ pa á lára. Àwọn kan á ní bí o bá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ẹ̀rù náà á pọ̀ sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ajá tí ẹ̀rù ariwo ń bà gan-an, oògùn wà fún un. Kódà ọ̀kan wà tí wọ́n ń fi sí èrìgì. Ọ̀dọ̀ dókítà ni o ti máa gbà á, kí o sì lọ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú, kí o lè dán an wò lọ́jọ́ tí kò sí bángà. Má lọ fún un ní Piriton tí wọ́n kó wá láti Nàìjíríà. Nígbà tí o bá dé ọ̀dọ̀ dókítà yẹn, ní kó yẹ microchip rẹ̀ wò. Ohun kékeré tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tì sábẹ́ awọ yẹn kò lè fi ibi tí ajá wà hàn ọ́ lórí fóònù. Nọ́ńbà lásán ló wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé nọ́ńbà fóònù tí o ń lò nígbà tí o ṣì wà ní Maryland ló wà lórúkọ rẹ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, ẹni tó bá rí ajá rẹ kò ní rí ọ pè. Lọ tún un ṣe lónìí.

Bí ilẹ̀ bá mọ́ ní ọjọ́ karùn-ún, má tíì ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé fún ajá. Wọ bàtà, mú garawa dání, kí o kọ́kọ́ rin orí koríko yẹn já. Ṣa igi sùyà, eegun, fọ́ìlì àti àjókù bángà tó bọ́ wọlé láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Oró wà nínú àjókù yẹn, èyí tí kò sì tíì jó tán lè ṣì bú.